Ike ìdènà gbòǹgbò: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún méjì

Ọdún méjì gbáko ni ike yìí ti wà nínú ilẹ̀ láàárín igi ọ̀dán ẹ̀yìnkùlé mi àti ògiri ilé ìwẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún mi. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó nawó.

Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ ta mí lólobó: kò ṣe é tì mọ́. Nígbà tó yá, ògiri sán láti igun fèrèsé wálẹ̀. Bíríkìlà tó wá wò ó ní ká gé igi lulẹ̀ kíá. Mi ò gbà. Ilẹ̀ amọ̀ la kọ́lé lé: bí igi bá ń fa omi inú rẹ̀, amọ̀ á máa sún kì, ilé á sì máa rì. Tẹ́ ẹ bá wá gé igi ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, omi á padà sínú amọ̀, á wú, á máa ti ilé sókè.

Dípò ká gé igi, a gbẹ́ kòtò tá a máa ri ike náà sí, ó jìn tó 90 sẹ̀ǹtímítà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò kì í jìn kọjá 60. Gbòǹgbò kan tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi lọ tààrà síbi oríkèé páìpù ìdọ̀tí. Nígbà tá a tú páìpù, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí irun ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ bíi kànrìnkànrìn, ó rin gbingbin. Oríkèé yẹn ti ń jò tipẹ́, omi ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń wá. Plọ́ńbà la kọ́kọ́ pè, kí ọ̀rọ̀ tó kan ike.

Ike náà dúdú, ó ki, kò sì tẹ̀ bọ̀rọ̀. Apá kan rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ tó yọ síta. Apá yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sígi, kí gbòǹgbò tó bá kàn án lè tẹ̀lé ìlà náà lọ sísàlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni ìkọ́ tí wọ́n fi so ike kan mọ́ èkejì: méjì kán kí a tó da yẹ̀pẹ̀ padà. Ìwé ìlò rẹ̀ kò sì sọ pé etí ike gbọ́dọ̀ yọ lórí ilẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. A bò ó mọ́lẹ̀ pátá. Kò pé oṣù mẹ́jọ, gbòǹgbò tó tó ìka kékeré ti gba orí rẹ̀ kọjá. Mo gé e, mo sì wa yẹ̀pẹ̀ kúrò létí ike láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ má fi dígà ṣá gbòǹgbò o. Ayùn mímú ni kẹ́ ẹ fi gé e, kó má ya. Ìdí igi tèmi fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kòtò wa sì jìnnà sí i ní mítà 3. Ẹni tí igi rẹ̀ kò ju mítà kan sí ògiri, kó má rà á: gbòǹgbò tó di igi mú gan-an ló máa gé, igi sì lè wó lulé. Kó pe ẹni tó mọ̀ nípa igi.

Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ti ń tì geere. Oṣù mẹ́fà la fi ṣọ́ ibi tó sán, kò fẹ̀ sí i, a wá lẹ̀ ẹ́. Igi náà ṣì ń rúwé.