Àgbéyẹ̀wò fíìmù Il trucido e lo sbirro (1976)

Fíìmù kọ́bọ̀ì ni mo kọ́kọ́ rò pé mò ń wò, títí mo fi rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fi í hàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Monnezza, olè ará Róòmù, wà láàárín wọn, òun sì ni Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá Sarti wá mú jáde lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí.

Wọ́n ti jí ọmọbìnrin kékeré kan gbé. Ó ní àìsàn kíndìnrín, bí wọn kò bá sì tètè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ikú ni yóò gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, ìbáà jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ san owó. Brescianelli, olórí àwọn ajínigbé, ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó yí ojú rẹ̀ padà, nítorí náà ẹni tó mọ ọ̀nà àwọn ọ̀daràn nìkan ló lè tọpa rẹ̀. Ìtàn yìí kò jìnnà sí ohun tí Ítálì ń fojú rí nígbà náà. Ní Róòmù kan náà ni wọ́n ti jí John Paul Getty kẹta, ọmọ ọmọ olówó epo rọ̀bì ará Amẹ́ríkà, gbé ní ọdún 1973.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé Umberto Lenzi, tó darí fíìmù náà, kò fi ipá sọ àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Sarti nílò Monnezza, síbẹ̀ kò fọkàn tán an. Monnezza náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀daràn mìíràn tún dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà wá le sí i fún ọlọ́pàá yìí, nítorí pé àwọn tó yẹ kí ó fi sẹ́wọ̀n ló ń bá rìn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká wọn. Claudio Cassinelli ṣe Sarti láìpariwo, ìyẹn sì bá ipò náà mu gan-an.

Tomas Milian, tí wọ́n bí ní Havana ní orílẹ̀-èdè Kúbà, ló ṣe Monnezza, àmọ́ ohùn Ferruccio Amendola, òṣèré tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ rọ́pò ti Milian, là ń gbọ́, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè àwọn ará Róòmù. Nítorí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀dà ti èdè Ítálì, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ àti ìwà Monnezza ló sọnù.

Àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò rí ipa gidi kó, èyí sì dùn mí. Ìpànìyàn inú rẹ̀ náà pọ̀, kò yẹ fún ojú ọmọdé rárá.