Ẹ Ṣọ́ra o: 512GB Tí Wọ́n Tà fún Mi, 32GB Ni

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń múra àtipa lápútọ́ọ̀pù tì kó ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦115,000 ló kọ́kọ́ wọgbó, mo tún wá fi ₦18,000 lé ẹni kan náà lọ́wọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí olùkọ́ ni mí, ìṣirò sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Lápútọ́ọ̀pù mi ti lo ọdún mẹ́sàn-án. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá; bí NEPA bá ti mú iná lọ báyìí, òun náà ti lọ nìyẹn, tòun ti iṣẹ́ tí mi ò tíì fi pamọ́. Mo ní kí n kúkú ra tábúlẹ́ẹ̀tì, èyí tí pawabáǹkì lè gbé ró di alẹ́.

Kí n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, mo ti jókòó ṣe ìṣirò mi. 500GB ni lápútọ́ọ̀pù yẹn (GB, tí wọ́n ń pè ní gíìgì, ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí), ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àmọ́ nígbà tí mo tú inú rẹ̀ wò, Windows, àwọn ètò tí mi ò lò láti ọdún mẹ́ta, àti fíìmù táwọn ọmọ mi kó sí i ló gba ibi tó pọ̀ jù. Èyí tó jẹ́ tèmi gan-an ni fídíò tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì, 118GB, fọ́tò, 21GB, nóòtù àti ìbéèrè ìdánwò, 4GB péré. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 143GB. Tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ á jẹ bíi 15 sí 20GB nínú ohun tí wọ́n kọ sára páálí, torí Android, ètò tó ń darí rẹ̀, gbọ́dọ̀ ríbi jókòó sí. WhatsApp náà ò ní í gbà kí n gbàgbé òun, pàápàá ẹni tó bá wà nínú gúrúùpù àwọn òbí bíi tèmi. Nítorí náà, 64GB ò lè gbà mí rárá, 128GB á kún kí n tó kó ẹrù tán, 256GB ló yẹ mí.

Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ dòní. Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ fún ẹni tó ń tajà ni mo kábàámọ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Computer Village, mi ò tíì rìn jìnnà ní Otigba tí ọmọkùnrin kan ti yọ sí mi. "Mọ̀mí, kí lẹ fẹ́ rà? Fóònù ni àbí lápútọ́ọ̀pù? Ẹ máa bọ̀, a máa ṣe yín dáadáa." Ẹ mọ irú wọn. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní, wọ́n á sì gba tiwọn lórí owó yín. Mo yẹ kí n ti yà fún un. Ó ní, "Mọ̀mí, gíìgì mélòó lẹ ń wá?" Èmi náà, ọlọ́gbọ́n, mo ní 256.

Oníṣọ́ọ̀bù tó mú mi lọ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó wà nílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, 512 ni, RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé, sì jẹ́ 16, owó rẹ̀ ò tiẹ̀ tó ìdajì 256 tí mò ń wá, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ ni. Ó tan án lójú mi. Ó wọ settings, ó fi èékánná tọ́ka sí i: 512GB. Ó yí páálí padà: 512GB. Ó tún mú kíbọ́ọ̀dù, máúsì àti ìbòrí aláwọ dúdú jáde, ó ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù yẹn ló pa mí. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, mo ti rí ara mi níwájú kíláàsì.

Ìgbà tó yá ni mo tó ronú ẹ̀ pé ká ní 1TB (1,000GB) ni mo ní mò ń wá, 1TB náà ni ì bá tàn lójú gíláàsì yẹn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi mú mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi okùn OTG so hard disk mi tí mo kó ẹrù inú lápútọ́ọ̀pù sí mọ́ ọn, mo ní kó máa kó ẹrù. Ó kó o dáadáa. Nígbà tó dórí fídíò kẹtàdínlógún, Quadratic Equation apá kejì, ó dúró. Ó ní kò sí ààyè mọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ṣí settings: 512GB ni, 5% péré ni mo ti lò. Mo padà, mo tún ní kó kó o: kò sí ààyè mọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń sọ méjèèjì fún mi lójúkojú. Mo ro ohun tó ti gbà pọ̀, kò tó 20GB.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé e lọ bá àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kútọ̀. Kò tiẹ̀ tíì tàn án tó ti ń mi orí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé e wò ná. Ṣé ẹ rí bó ṣe fúyẹ́?" Ó gbé app kan sí i tó ń bá ẹ̀rọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ settings kọjá. RAM 16 di 2. Android 14 tó wà lára páálí di Android 8. 512 di 32.

Bó ṣe là á yé mi ni pé ohun tí settings bá kọ kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó bá ti ní ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ kí ó tó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà tó bá wù ú ló lè kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra gàrí rí lọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kóńgò gidi, wọ́n sì ń kó gàrí lé e lórí ṣóńṣó, ẹ ò ní í mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá dà á sínú kóńgò tiyín nílé.

Ti RAM náà wà lọ́tọ̀, kí n sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn tó ń tajà máa ń pe RAM àti ibi tá à ń kó nǹkan sí ní "memory" méjèèjì, wọ́n á fi tọ̀hún da tibí rú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ pàápàá ń kọ "8GB + 8GB" sára páálí. Mẹ́jọ kejì yẹn, inú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó fídíò sí ni wọ́n ti yá a. Ìyẹn kì í ṣe irú jìbìtì tí wọ́n lù mí, àmọ́ ẹ má san owó RAM 16 fún un.

Mo padà sí Ìkẹjà. Mo ti múra ìjà, mo rò pé oníṣọ́ọ̀bù náà máa lóun ò mọ̀ mí rí ni. Rárá o. Ó kí mi, ó ní kí n jókòó, ó ra omi tútù fún mi. Ó ní mẹ́mórì rẹ̀ ni ò ṣe dáadáa, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, òun á bá mi fi memory card 1TB sí i, ₦18,000 péré. Mo sì san án! Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí. Omi tútù yẹn ni.

Káàdì yẹn wá burú ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣáà dúró, ó lóun ti yó. Káàdì ò dúró ní tirẹ̀. Ó gba 143GB mi pátá, ó ní ó ti parí, orúkọ gbogbo fídíò sì tò lẹ́sẹẹsẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ èyí tó wà lókè, ó ṣí. Mo tẹ èyí tó wà láàárín, ojú dúdú. Mo tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, ojú dúdú. Bí ibi tó ní gan-an bá ti kún, ṣe ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ á máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, tàbí kó máa da ohun tẹ́ ẹ kó fún un nù, síbẹ̀ orúkọ á wà níbẹ̀ gbọin. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pa ti inú hard disk rẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀ o. Ọmọ mi ló pè mí pé ọbẹ̀ ń jóná.

Àbúrò mi fi H2testw yẹ káàdì náà wò. Ètò kékeré ni, ọ̀fẹ́ ni, ará Jámánì ló ṣe é, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń lo Linux tàbí Mac, F3 ni tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé wọ́n á kó nǹkan kún káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á wá kà á padà bóyá ohun tí wọ́n kó sí i náà ló ṣì wà níbẹ̀. Nínú 1TB mi, 29GB ló jóòótọ́.

Àmọ́ ẹ má lọ fi èyí mú aláìṣẹ̀ o. Bí 128GB gidi bá fi 119 hàn lórí Windows, tí 256 fi 238 hàn, ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan yín. Àwọn tó ṣe é ń fi 1,000 ka, Windows ń fi 1,024 ka, ìyẹn ló fà á.

Kí lẹ máa wáá ṣe? Ẹ gbé ẹrù yín dání lọ sọ́jà. Mo ní kẹ́ ẹ gbé hard disk tàbí flash tó kún fún fídíò gidi lọ, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kẹ́ ẹ kó o sí i títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kẹ́ ẹ wá ṣí àkọ́kọ́, àárín àti ìkẹyìn. Ó ń gba àkókò, bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun ò lè dúró, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ tún lọ mọ irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe jáde. Ìyẹn nìkan ti tó láti tú àṣírí ẹlòmíì. iPad ìran kẹwàá tó jáde ní 2022, 64GB àti 256GB nìkan ni Apple ṣe é. Ìran kẹsàn-án ti 2021 náà, bákan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìran kẹwàá 128GB hàn yín, yálà kò mọ ohun tó ń tà tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti tú inú rẹ̀. Láti orí ti 2025 ni èyí tó kéré jù ti di 128GB. iPad ò sì níbi tí wọ́n ń ki memory card sí, nítorí náà iye tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa bá kú. Tòkunbọ̀ ní ìyọnu tirẹ̀: bó bá ń béèrè iCloud ẹlòmíì, ìyẹn àkáǹtì Apple ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń sọ nípa Remote Management (ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan ṣì ń darí rẹ̀) nígbà tí wọ́n bá tún un tò, ẹ gbé e sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n fi gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n ra 64GB. Ọ̀fẹ́ Google jẹ́ 15GB, Gmail yín náà wà nínú ẹ̀. Ti iCloud jẹ́ 5GB. Èmi tí mò ń ra dátà, ta ló máa bá mi gbé 143GB gòkè? Ẹni tó jẹ́ pé ìwé àti fọ́tò díẹ̀ ló ní, 128GB tó o. Ẹni tó ń ya fídíò, 256GB, kó sì ní hard disk níta fún èyí tó ti pẹ́.

Rìsíìtì mi nìyí níwájú mi. "1pc Tab" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí 512, kò sí orúkọ ẹ̀rọ, àfi àkọlé pupa nísàlẹ̀ pé wọn kì í dá owó padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye GB sínú rìsíìtì yín, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àkọlé pupa yẹn ò lè pa ẹ̀tọ́ tí òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà rẹ́. Ní Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà wà fún irú ẹjọ́ báyìí. Àmọ́ "1pc Tab" ò jẹ́ kí ẹjọ́ mi lẹ́sẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni mo wà báyìí tí mo fi ń kọ èyí lórí fóònù. 256GB ni, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ló ṣe é, owó rẹ̀ sì dùn mí dé egungun. Mi ò tíì san án. Hard disk mi wà lára rẹ̀, ó ti kó 97GB, Quadratic Equation apá kejì sì ti ṣí, mo gbọ́ ohùn ara mi níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ti jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà tán, ó ti ń wò mí tìfura-tìfura. Ó ní, "Mọ̀mí, ó kù mélòó?" Mo ní ó ku 46.