Ilé ìwòsàn ojú tó wo ẹ̀yìn ojú mi kó tó sọ̀rọ̀ gíláàsì

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Bí mo bá bọ́ gíláàsì, mo lè fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ lábẹ́ iná bàìbàì, àmọ́ oníbàárà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ohùn ni mo fi ń dá a mọ̀. Máínọ́ọ̀sì 7 ni nọ́ńbà gíláàsì ojú ọ̀tún mi, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tí kì í rí òkèèrè dáadáa. Ọdún 12 ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onígíláàsì: wọ́n á ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, wọ́n á pààrọ̀ lẹ́ǹsì, n ó sanwó, ó parí.

Ní ilé ìwòsàn ojú yìí, nọ́ọ̀sì kán oògùn sí mi lójú, ó ta mí bí omi ata. Ó ní kí n jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọmọlójú fẹ̀. Dókítà wá tanná sójú mi. "Màámá, ẹ wòkè. Ẹ wo ọ̀tún." Ó pẹ́ lójú ibì kan, àyà mi já.

Ẹ̀yìn káàdì mi ló ya àwòrán sí. Ẹyinjú tó ríran dáadáa máa ń gùn tó mìlímítà 24. Ẹ̀rọ wọn ní tèmi lé ní 26. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè ti para pọ̀ kó tó dé rẹ́tínà, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ẹ̀yìn ojú, tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Bí ẹyinjú bá sì ń gùn, ṣe ló ń fa awọ yẹn.

Mo ní, "Bíi bùbá tó ti fún oníbàárà, tó wá tún sanra?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní etí awọ náà ló ti sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì ń wò tó fi pẹ́. Kò tíì ya. Àmọ́ gíláàsì ò lè mú kí ojú tó ti gùn kúrú, kí n máa wá lọ́dọọdún. Bí mo bá rí ohun tó ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, tàbí àmì dúdú bí eṣinṣin tó dédé pọ̀ sí i, tàbí bíi kọ́tìnì tó ń bo ẹ̀gbẹ́ kan, kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ọdún 12, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí!

Ẹjọ́ wà o. Aago mẹ́jọ ni mo débẹ̀, ó kọjá méjìlá kí n tó rí dókítà. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi nípa oògùn yẹn: oòrùn ń gún mi lójú bí ìgbà tí wọ́n da yanrìn sí i. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo wọ gíláàsì, ojú ẹ̀rọ ìránṣọ ń ṣú mi. Aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́ kejì, ọmọṣẹ́ ló parí ẹ̀. Ẹ mú èèyàn dání, kẹ́ ẹ sì mú gíláàsì dúdú.

Férémù wọn wọ́n jù, ìta ni mo ti ṣe tèmi. Ẹ̀yin tí máínọ́ọ̀sì yín pọ̀, férémù kékeré ni kẹ́ ẹ mú, torí etí lẹ́ǹsì yẹn ló ń nípọn.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, ti ń lọ lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gba káàdì tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.