Ṣíṣe ẹsẹ̀ nílé: nínú ọṣẹ dúdú, òkúta, òrí àti láàlì, èwo ló tó owó rẹ̀?

Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti ka ọ̀rọ̀ gígùn, ìdáhùn rẹ̀ rèé: òrí ni kó rà. Àwọn nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn dára níwọ̀nba tiwọn, òmíràn ò tiẹ̀ dára rárá, ṣùgbọ́n tí owó ọwọ́ ẹni ò bá ju ti ẹyọ kan lọ, kó má wulẹ̀ wo ọ̀tún wo òsì.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, orí ìdúró la sì ti ń ṣe é. Bàtà tó ṣí lẹ́yìn ni mo fẹ́ràn. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gìgísẹ̀ mi á sán, á le, á sì máa fa aṣọ ìbora lóru. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń lọ ṣe ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ló lé mi kúrò níbẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi ń fá gìgísẹ̀ wa, abẹ tí wọ́n fi ṣe ti ẹni tó jókòó ṣáájú mi náà ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe tèmi, omi inú abọ́ náà ò sì yí padà. Nígbà tí mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin náà dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, iyọ̀ wà nínú ẹ̀ o." Mo wọ bàtà mi padà. Abẹ ò tiẹ̀ yẹ gìgísẹ̀ rárá, kódà kó jẹ́ tuntun: wẹ́rẹ́ báyìí ló máa ń kọjá awọ tó ti kú dé èyí tó wà láàyè, ojú egbò bẹ́ẹ̀ ni àrùn sì ń gbà wọlé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nílé báyìí nìyí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo máa ń bù sínú abọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, màá sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó bá pẹ́ lára máa ń ṣan epo tí Ọlọ́run fi sínú awọ dànù, tí ẹsẹ̀ bá sì gbẹ tán, ó lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti iyọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, mo ti dà á, mo ti yọ ọ́, n kò rí ìyàtọ̀ kankan, àfi pé ó ń ta ẹsẹ̀ tó bá ti sán. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ọṣẹ dúdú ló kàn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sè é mọ ìdí tó fi lágbára. Eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sómi tí wọ́n ń sẹ́, omi eérú yẹn ni wọ́n á wá sè pọ̀ mọ́ àdí títí yóò fi di ọṣẹ. Eruku ojú ọ̀nà tó ti wọ inú ibi tó sán lọ, tí ọṣẹ olóòórùn dídùn inú ilé ìwẹ̀ kàn ń pa lójú, ọṣẹ dúdú á bọ́ ọ kúrò. Ṣùgbọ́n agbára yẹn náà ni àléébù rẹ̀: ó ń mú kí awọ gbẹ. Ẹ má fi ìfófòó rẹ̀ sílẹ̀ lára kẹ́ ẹ máa wo fóònù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án kúrò. Kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣí òun sílẹ̀, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ títí á fi rọ̀ jù. Abọ́ tó ní ọmọrí ló ń gbé. Mo ti ra èyí tí wọ́n po oyin àti osùn mọ́, tí wọ́n rọ sínú ike tó rẹwà. Òórùn rẹ̀ dáa jù, iṣẹ́ kan náà ló ṣe, owó rẹ̀ ló yàtọ̀. Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún ọṣẹ dúdú lásán, mi ò fún ti inú ike ju 5 lọ.

Kànìnkànìn ìbílẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi okùn ọ̀rá hun. Tó bá gbó, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, á jẹrà. Ẹ sáà fi kọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á hu funfun.

Ọ̀rọ̀ òkúta gba àlàyé díẹ̀. Ojúlówó òkúta tí wọ́n fi ń ha ẹsẹ̀, inú òkè ayọnáyèéfín ló ti ń wá. Afẹ́fẹ́ ló dá gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń léfòó nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ jù ú sómi. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí àtẹ ní ọjà wa, yálà aláwọ̀ búlúù ni o, yálà èyí tí wọ́n ti igi mọ́ nídìí, á rì gbàà bíi bíríkì. Kò ní kó má ha ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ha jù, ojú rẹ̀ ò sì dọ́gba. Ẹsẹ̀ tútù ni kẹ́ ẹ fi òkúta tútù ha, lọ́nà kan náà, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má retí pé kó tán lọ́jọ́ kan. Gìgísẹ̀ tó ti ń le bọ̀ láti ọdún tó kọjá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ha gbogbo rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kẹ́yìn rẹ̀, awọ náà á sì tún nípọn sí i láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èékánná ńkọ́? Ẹ gé e lọ tààrà, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé létí méjèèjì, kó má bàa wọ inú ẹran. Àwọn Hausa tó ń fi àlùmọ́gàjí dún kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ kiri àdúgbò mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí kan ló ń gé ti gbogbo àdúgbò. Mo ra tèmi.

Ó wá kan òrí. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ nu ẹsẹ̀, tó ṣì kù díẹ̀ kó gbẹ tán, ìgbà yẹn gan-an ni mo ń fi í pa á, nítorí òrí kì í dá omi sílẹ̀ fún awọ, èyí tó bá bá níbẹ̀ ló máa ń sé mọ́ inú. Ẹni tó bá fi pa ẹsẹ̀ tó ti gbẹ háú á ní òrí ò ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti pa á tán, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú, ó di àárọ̀. Ibi tí wàhálà wà nìyí o: bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, tí fáànù dúró, ìbọ̀sẹ̀ yẹn á di ìyà. Ẹ má sì rìn lórí táìlì ilẹ̀ pẹ̀lú òrí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo fi ọwọ́ ra gìgísẹ̀, ibi tó ń ha lánàá á ti rọ̀. Kò sí ìpara inú ike kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Máàkì 9. Èyí tó kù, òórùn ló jẹ ẹ́.

Ìyá tí mo ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba kì í jẹ́ kéèyàn sanwó kó tó fimú kàn án. Mo bi í léèrè nígbà kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, eléyìí ò tíì kan?" Ó fi ṣíbí wa ìsàlẹ̀ igbá, kò wa òkè, ó nà án sí mi. "Gbóòórùn ẹ̀, ọmọ mi. Tó bá ti kan, imú ẹ ò ní gbà á." Òtítọ́ ni. Òrí tuntun máa ń rùn bí èéfín díẹ̀, èyí tó ti kan ń rùn bí epo tó ti pẹ́ nínú agolo. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun tó pọ́n díẹ̀. Èyí tó yẹ́lò rìndìn, wọ́n sábà máa ń fi nǹkan mìíràn pa á láró ni. Tó bá sì ní hóró hóró nínú, kò tíì bàjẹ́. Oòrùn ló yọ́ ọ, tó tún wá dì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí á fi yọ́.

Àdí náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń jẹ́ kí ilé mi rùn bí ilé tí ọmọ ti ń ṣe gìrì, ọkọ mi ò sì gbà. Epo àgbọn fúyẹ́ jù fún gìgísẹ̀ tó sán, ó dáa fún orí ẹsẹ̀ àti ìdí èékánná.

Ohun tí mo lòdì sí ni ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé e sí méjì, kẹ́ ẹ fi ra ẹsẹ̀ kó lè mọ́ fínnífínní. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára, kí oòrùn wá pa á, ó lè jó awọ, kó wú bọ́lọ́bọ́lọ́, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Pé nǹkan ti ara igi wá kò ní kó má lè ṣe èèyàn léṣe. Ṣúgà tí mo po mọ́ epo àgbọn ni mo fi ń ra orí ẹsẹ̀, ó ń yọ́ sómi lọ. Ìpara ìrasẹ̀ tó ní hóró hóró láyé àtijọ́, rọ́bà tín-ín-tín-ín ni ọ̀pọ̀ hóró yẹn, wọ́n sì ń bá omi lọ sínú odò àti òkun. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ṣòfin lòdì sí i ní 2015, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì fòfin dè é ní 2018.

Mi ò ní purọ́ pé tiwa ò ná ayé ní nǹkan kan. Igi ìdáná tí wọ́n fi ń se òrí ò kéré, igi emi fúnra rẹ̀ sì lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so dáadáa. Àwọn obìnrin Òkè-Ògùn àti àgbègbè Kàíámà wà lára àwọn tó ń ṣa èso rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó hóró rẹ̀ lásán ránṣẹ́ sókè òkun fún oṣù 6, kí iṣẹ́ sísè é lè kù sílé. Èmi fara mọ́ ọn.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi òkúta hà á. Àìsàn yẹn lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, egbò kékeré lè di ńlá kẹ́ ẹ tó rí i. Dókítà ni kẹ́ ẹ bi.

Láàlì ni mo fi ń parí. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ torí òórùn rẹ̀ àti torí omi tí wọ́n fi ń pa á rẹ́, tó ń mú kí èékánná gbẹ kó sì máa kán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ìdí tiwọn: kútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan èékánná, láàlì ò dí omi lọ́nà. Ẹ pò ó kó ki, ẹ fi lé èékánná, ẹ fi ọ̀rá wé e mọ́jú. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń mú jáde. Ẹni tó bá tà á fún yín pé dúdú kirikiri ni, tó sì ń mú láàárín wákàtí kan, ẹ sá fún un, èròjà tí wọ́n fi ń pa irun láró dúdú lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè bó èèyàn lára. Èékánná ẹsẹ̀ kì í yára hù, bíi mílímítà kan àtààbọ̀ lóṣù kan, nítorí náà ẹ má fi láàlì sí i tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó kábàámọ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa á rẹ́. Máàkì 8.