Levelator: irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń mú ohùn ìpàdé orí fóònù dọ́gba

Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí fóònù ti wọ́pọ̀. Èèyàn márùn-ún ni ètò GSM gbà kí ẹni tó pe ìpè so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí akọ̀wé bá wá fẹ́ gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó lè kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ni wàhálà ń dé. Ohùn alága tó gbà á sílẹ̀ ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ti bàbá tó wà ní Òró sì dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Bí a bá yí i sókè nítorí bàbá, alága á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí wa ya.

Conversations Network, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí kì í ṣe torí èrè, ló gbé Levelator jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Kò ní bọ́tìnì kankan tí a ń yí. A ó wọ́ fáìlì sójú rẹ̀, a ó jù ú síbẹ̀, á sì ṣe fáìlì tuntun: ipade.wav á bí ipade.output.wav, ti àkọ́kọ́ á sì wà bó ṣe wà. Kì í ṣe pé ó kàn ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Ó ń wo ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀ àti ibi tó ti ga, á gbé tọ̀hún sókè, á tẹ tibí wálẹ̀, títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi wà ní nǹkan bíi -18 dB (dẹ́síbẹ́lì, tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Iṣẹ́ yìí ló mọ̀ jù, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

WAV àti AIFF nìkan ló ń gbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, torí amr, m4a tàbí mp3 ni fóònù ń tọ́jú. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń yanjú ìyẹn. Lórí Windows, ẹ fi FFmpeg, àfikún tó ń jẹ́ kó ka irú fáìlì mìíràn, kún un kó tó lè ṣí amr àti m4a. Ẹ lo Mix Stereo Down to Mono kí ohùn apá méjèèjì di ẹyọ kan, kí ẹ sì fi Export Audio gbé e jáde ní WAV, Signed 16-bit PCM. Ní 44100 Hz, wákàtí kan á gba nǹkan bíi 318 MB.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ tọ́jú ariwo rẹ̀ ná. Levelator kò mọ ìyàtọ̀ ohùn bàbá sí jẹnẹrétọ̀ tó ń kù lẹ́yìn wọn. Bó bá fi 15 dB gbé bàbá sókè, á fi 15 dB gbé jẹnẹrétọ̀ náà. Nínú Noise Reduction ti Audacity, ẹ yan ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3 tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ẹ tẹ Get Noise Profile, lẹ́yìn náà kí ẹ yan gbogbo fáìlì.  Kí ẹ fi 6 dB dín ariwo kù tó fún ohùn fóònù, torí bó bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ á máa dún bíi pé abẹ́ omi ló ti ń jáde. Bí ẹ bá fi èyí dẹ̀yìn Levelator, ó ti bọ́: ariwo ibi kan kò ní dọ́gba mọ́ ti ibòmíràn, àpẹẹrẹ ariwo kan kò sì ní bá gbogbo rẹ̀ mu. Ẹ gé orin ìdúró náà kúrò, èyí tó ń wọlé bí ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ìpàdé bá lọ gbé ìpè mìíràn. Bíi ohùn èèyàn ni Levelator ṣe máa ṣe é.

Ohùn tó ti fọ́ kò ní san. Bí èèyàn méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, kò lè yà wọ́n. Fóònù lásán kì í sì í gbé ju nǹkan bíi 300 sí 3400 Hz lọ, nítorí náà s àti f á ṣì máa jọra. Kí akọ̀wé tún bi olórúkọ léèrè.

Auphonic ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń gba mp3 àti m4a bẹ́ẹ̀, ó ń dín ariwo kù, wákàtí 2 sì ni ọ̀fẹ́ lóṣù. Fún ìpàdé kan lóṣù, òun la fara mọ́. Fún ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fà, Levelator ni, torí kò jẹ dátà rárá lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ gbà á wálẹ̀.

Kò sí èyí tó wúlò nínú méjèèjì nígbà tí ìpè ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó ń pa ohùn bàbá jù ni fóònù tí wọ́n gbé sórí tábìlì, tí wọ́n tan spíkà rẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ìgbàkígbà tí àlàfo ẹnu sí fóònù bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi 6 dB ló ń lọ. Láti sẹ̀ǹtímítà 10 dé 80, 18 dB ti lọ nìyẹn. Kí ọmọ ilé bá wọn gbé fóònù sún mọ́ ẹnu bó bá kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀.

Fún WhatsApp, mp3 mono ní 32 kbps tó: wákàtí kan kò ní ju 15 MB lọ.