Ìwé òfin Solo ti SCCA: ibi tó ti wúlò, àti ibi tó ti ń ni ẹni tuntun lára

Ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, òun náà lẹ lè fi díje nínú autocross lópin ọ̀sẹ̀. Kóònù ni wọ́n fi ń tọ́ ọ̀nà sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sáré tirẹ̀ lọ́tọ̀, aago á sì ṣèdájọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA (Sports Car Club of America) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944 ló ń ṣètò rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè lábẹ́ orúkọ Solo. Ìwé òfin Solo yìí la fẹ́ yẹ̀ wò, torí òun ló ń sọ ẹni tí ẹ máa bá díje, kì í ṣe bí ọwọ́ yín ṣe dá tó lórí sítíárì.

Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tuntun sì ń jáde lọ́dọọdún. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, yóò sú yín. Ẹ lọ sí Appendix A lẹ́yìn ìwé, ẹ wá orúkọ ọkọ̀ yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ ó rí ìsọ̀rí Street tó wà, ìyẹn ti ọkọ̀ tí wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ wá padà sí ìpín 13, tó jẹ́ ti Street, kí ẹ kà á tán pátápátá. Street Touring ló wà ní ìpín 14, Street Prepared ní 15, Street Modified ní 16, Prepared ní 17, Modified ní 18. Bí nọ́ńbà ìpín ṣe ń lọ sókè ni àyípadà tí wọ́n gbà láàyè ń pọ̀ sí i. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó kà á: ohunkóhun tí ìwé kò bá sọ pé ẹ lè ṣe, ẹ kò lè ṣe é. Pé òfin dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó gbà.

Street ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ táyà, bí nọ́ńbà treadwear tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń sọ bí táyà ṣe ń pẹ́ tó kó tó jẹ, kò bá ti kéré sí 200. Rímù lè fi ínṣì kan tóbi tàbí kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Wọ́n gba shock absorber mìíràn, bíréèkì páàdì, fílítà afẹ́fẹ́, àti stabilizer bar (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà) ẹyọ kan, yálà ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Wọn ò gba sípíríǹgì, wọn ò gba búṣì, wọn ò sì gbà kí ẹ yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà. Àwọn kan ń jà pé ó yẹ kí wọ́n tú fífẹ̀ rímù sílẹ̀. A ò gbà pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ipò máa ní láti ra rímù mẹ́rin tó fẹ̀ àti táyà ńlá, ẹni tó bá sì ń lo rímù ilé iṣẹ́ á di èrò ẹ̀yìn kó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Ìṣòro gidi tó wà nínú Street ni táyà iwájú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ni ẹsẹ̀ iwájú wọn kò ṣeé dẹ̀ sínú ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Bí wọ́n bá ya kọ́nà pẹ̀lú agbára, táyà á yí sórí èjìká rẹ̀ lóde, ibẹ̀ á jẹ tán nígbà tí àárín ṣì nípọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èjìká táyà kí ẹ tó sáré. Bí ṣọ́ọ̀kì bá parẹ́ kọjá àmì onígun mẹ́ta kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ fi psi méjì kún afẹ́fẹ́. Bí kò bá parẹ́ dé ibẹ̀, ẹ dín in kù. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìsáré kọ̀ọ̀kan, torí táyà tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á lọ sókè.

Ibi tí ìwé yìí ti ń ni ẹni tuntun lára nìyí: ohun kékeré kan ṣoṣo lè gbé odindi ọkọ̀ kúrò ní ìsọ̀rí rẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ti fi sípíríǹgì kúkúrú sí nítorí ẹwà, Street ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Street Touring ló ń lọ, níbi tí àwọn tó kù ti pààrọ̀ sípíríǹgì, rímù, sàlẹ́ńsà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ẹni tó fi turbo ńlá sí i, ó di Street Modified. Òfin náà bá ọgbọ́n mu, torí bí wọ́n bá fojú fo sípíríǹgì lónìí, búṣì ló kàn lọ́la. Síbẹ̀, ẹni tuntun kò mọ èyí títí yóò fi rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ èsì. Ẹ̀ka SCCA tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní ìsọ̀rí fún àwọn tuntun, níbi tí wọ́n á ti bá ara wọn díje láìka ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ sí. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìsọ̀rí CAM (Classic American Muscle) fi hàn pé òfin tó gbòòrò lè fa èrò. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, ó ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù, táyà 200 sì tún ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohun púpọ̀ tó kù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Àwọn tí kò ní ka ìpín 15 láéláé ń wá síbẹ̀.

PAX, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń fi àkókò ìsọ̀rí kan wé ti òmíràn, náà ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, wọ́n á fi sọ àkókò yín di púpọ̀ kí ọkọ̀ oríṣiríṣi lè bára wọn díje. Ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é: ìṣẹ́jú àáyá 60 lọ́nà 0.800 jẹ́ 48, ìṣẹ́jú àáyá 56 lọ́nà 0.870 jẹ́ 48.72, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló borí. Ó dára fún ìtàkúrọ̀sọ àti fún ìsọ̀rí àwọn tuntun. Kò yẹ fún ìjà, torí nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀nà tóóró tó kún fún kọ́nà àti fún ọ̀nà gbalasa tí ẹ́ńjìnnì ńlá ti ń jẹun.

Ní ti ọjọ́ ìdíje, ẹ mọ̀ pé ẹ máa ṣiṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń sáré, òmíràn á dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti máa gbé kóònù dìde. Wọ́n á ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà yí ìsàlẹ̀ kóònù ká. Bí kóònù bá wó, tàbí tó bá kúrò nínú ìlà náà pátápátá, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n á fi kún àkókò awakọ̀. Bó bá dúró, tí apá kan rẹ̀ sì wà nínú ìlà, kò sí ìyà. Ẹni tó gba ibi tí kò yẹ kọjá, DNF ni (Did Not Finish, ìyẹn ni pé wọn ò ní ka ìsáré náà sí). Bí ẹ bá rí kóònù tó ti wó níwájú yín kí ẹ tó débẹ̀, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i, wọ́n á jẹ́ kí ẹ tún sáré. Bí ẹ bá sáré parí kí ẹ tó ráhùn, ó ti bọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ kùnà níbi àyẹ̀wò kò le: bátìrì tó ń mì, nọ́ọ̀tì táyà tí kò le, epo tó ń jò, kápẹ́ẹ̀tì àti ẹrù tí wọn ò kó kúrò. Hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àmì Snell (àjọ tó ń dán hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì wò) tàbí àmì mìíràn tí ìwé gbà nínú, tí ọdún rẹ̀ kò sì tíì kọjá èyí tí ìwé gbà. Àmì DOT, ti ìjọba Amẹ́ríkà, nìkan kò tó.

Fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kò sí ìdí láti dúró: ẹ ra táyà 200 tó dára, kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn ní ọdún àkọ́kọ́. Fún ẹni tó ti tún ọkọ̀ ṣe, ẹ kọ gbogbo àyípadà sílẹ̀, ẹ fi ìpín 13 dé 16 yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òfin kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọmọ ẹgbẹ́ lè kọ lẹ́tà sí Solo Events Board, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òfin Solo. Ẹ kọ nọ́ńbà ìpín náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti ọkọ̀ tó máa jàǹfààní.