Díìsì WD Purple 4TB nínú DVR ṣọ́ọ̀bù wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Bí àwòrán ṣe mọ́ tó ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń béèrè tí wọ́n bá fẹ́ ra kámẹ́rà ìṣọ́. Ìwọ̀nba ló ń béèrè iye ọjọ́ tí àwòrán náà yóò lò kí DVR, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, tó kọ tuntun lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí a bá ka ọjà lópin oṣù ni a sábà máa ń mọ̀ pé páálí kan ti dín. Ìdí nìyí tí a fi ra WD Purple, díìsì Western Digital tí a ń pa àwòrán mọ́ sí, oní-4TB (4,000GB), fún ṣọ́ọ̀bù wa ní Under-G, nítòsí LAUTECH, níbi tí kámẹ́rà mẹ́rin ti ń ṣọ́ ọjà.

Iṣẹ́ àṣemọ́jú ni wọ́n ṣe díìsì yìí fún. Tí díìsì kọ̀ǹpútà lásán bá kan ojú ibi tí kò ṣeé kà, ó lè máa gbìyànjú rẹ̀ léraléra títí àwòrán tó ń wọlé yóò fi máa já sọnù, ṣùgbọ́n èyí kì í dúró pẹ́ lórí àṣìṣe kékeré. Wáráńtì ọdún 3 ló ní, iṣẹ́ kíkọ àti kíkà 180TB lọ́dún ni wọ́n sì ní ó lè gbà. Tiwa kò ju bíi 63TB lọ.

Síbẹ̀, díìsì nìkan kọ́ ló ń pinnu iye ọjọ́. Bí wọ́n ṣe to DVR wa, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń lo 4Mbps (ìwọ̀n dátà fídíò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), èyí tí í ṣe bíi 43GB lójúmọ́, nítorí náà ọjọ́ 23 péré ni 4TB lè gbé, kò sì dé òpin oṣù rárá. Nígbà tí a yí i sí H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò tí kì í gba ààyè púpọ̀, tí a sì dín in kù sí 2Mbps, ó di ọjọ́ 46. Mo wo àwòrán òru kan fínnífínní: nọ́ńbà ọ̀kadà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣì hàn ketekete, àmọ́ lẹ́tà wínníwínní ara páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rú. Ní tèmi, ọjọ́ púpọ̀ sàn ju lẹ́tà wọ̀nyẹn lọ.

Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí iná NEPA máa já mọ́ ọn lójijì. Ẹ so DVR mọ́ UPS (bátìrì tó ń gbé e ró tí iná bá lọ) tàbí ínfátà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ nọ́ńbà ara díìsì sí ojúlé Western Digital láti mọ̀ bóyá wáráńtì rẹ̀ ṣì wà, nítorí àlòkù tí wọ́n tún dì bíi tuntun pọ̀ lọ́jà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni díìsì kan ń pa mọ́, tí olè bá sì gbé DVR lọ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Èyí tó bá ṣe pàtàkì, ẹ tètè dà á sí fíláàṣì. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́jọ yóò nílò 8TB kó tó lè ní iye ọjọ́ kan náà.